Jẹ́jẹ́ Oníbúrẹ́dì àti Àwọn Obìnrin Ọ̀sán Ọjọ́rú

Lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ wá wáṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì wa, kò jókòó. Ọ̀gá wa fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n ní kó jókòó, ó dúpẹ́, ó sì dúró síbi tó wà. Èmi wà nídìí kántà níbi tí mo ti ń tajà, mò ń nu gíláàsì, etí mi sì ti lọ bá wọn. Etí tèmi kì í gbélé.

"Níbo lo ti ṣiṣẹ́ rí?" Ọ̀gá bi í.

"Ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń bọ̀, mà. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Aṣọ ọwọ́ mi dúró gbagidi lójú gíláàsì. Ọ̀gá wa wo obìnrin náà látòkè délẹ̀. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ó sì di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.

"Ṣé o mọ búrẹ́dì ṣe?"

"Rárá, mà. Àmọ́ mo mọ bí wọ́n ṣe ń jí ní kùtù hàì."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ló le jù nínú iṣẹ́ náà. Ìyókù, a ó kọ́ ẹ."

Bó ṣe di ara wa nìyẹn. Àwa la sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Bó bá ń po fúláwà, o ò ní í mọ̀ pé èèyàn wà nínú yàrá. Bó bá ń to pánù lé ara wọn, wọn kì í dún, bẹ́ẹ̀ pánù tiwa ló ń jí gbogbo àdúgbò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti gé fúláwà pípò sí wẹ́wẹ́, ó ti fi ọ̀rá pa inú pánù, ó ti gbá iyàrá, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ṣe tó yà wá lẹ́nu: kì í ti ilẹ̀kùn pa. Yàrá tá à ń kó àpò fúláwà sí, yàrá tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó máa ń fi gbogbo wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀. Bàbá Ààrò, ìyẹn ọkùnrin tó ń yan búrẹ́dì wa, bínú títí pé ológbò ń wọlé.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Jẹ́jẹ́ á wí. "Màá máa lé ológbò." Ó sì ń lé e lóòótọ́, jẹ́jẹ́ náà ni. Ológbò ọ̀hún gan-an kì í mọ̀ pé wọ́n ń lé òun.

Ohun tó gbé e dẹ́wọ̀n, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tá a jọ ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Àbúrò ẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló ní láyé. Ọkọ àbúrò yìí lọ́wọ́ burúkú, kì í pẹ́ nà án. Jẹ́jẹ́ lọ kí wọn nílé lọ́jọ́ kan, ó gbé omi tíì kaná, ni ọkùnrin náà bá tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti ìyàwó ẹ̀ mọ́ ògiri, ó fún un lọ́rùn. Omi ti hó. Jẹ́jẹ́ gbé kẹ́tù, ó sì da omi náà sí i lára.

"Mi ò ronú," ó sọ fún mi. "Ká ní mo ronú ni, ìgbálẹ̀ ni ǹ bá mú."

Ọkùnrin náà ò kú, àmọ́ àpá rẹ̀ wà láyà àti lápá ẹ̀ dòní. Adájọ́ ní omi gbígbóná kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dà sára ẹnìkejì ẹ̀, Jẹ́jẹ́ sì sọ pé òun gan-an ò bá adájọ́ jà lórí ìyẹn. Ó gba ìdájọ́ ẹ̀, ó lọ. Àbúrò ẹ̀ kó jáde nílé ọkùnrin yẹn lọ́sẹ̀ náà gan-an, ó gba iyàrá kan, ó ń rán kọ́tìnì fáwọn èèyàn. Kò pa ọjọ́ àbẹ̀wò kankan jẹ títí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi jáde, débi pé àwọn wọ́dà ń bá a ṣàwàdà pé kó wá gba kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò yìí ni Jẹ́jẹ́ ń gbé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Gbogbo ìyẹn ló sọ fún mi. Ohun tí kò sọ ni ti ara ẹ̀.

Mo kàn ń rí i ni. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú lójoojúmọ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́ tó fẹ́ sinmi, á fara ti ògiri, kò ní í jókòó àfi tó bá tẹ́ ìwé ìròyìn sórí àpótí. Á lọ sẹ́yìn, á bọ̀, á tún lọ. Ètè ẹ̀ funfun. Obìnrin lèmi náà, mo sì ti bímọ, ọ̀rọ̀ náà kò ṣókùnkùn sí mi pẹ́. Nǹkan oṣù ẹ̀ ni kì í dá. Nígbà tí mo fọgbọ́n bi í, ó ní ó ti pẹ́, inú ẹ̀wọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀, àti pé kò ṣe òun ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ "kò ṣe mí ní nǹkan kan" yìí kò pẹ́ kó tó wó lulẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe gbé pánù kúrò lórí tábìlì, ojú ẹ̀ yí, ó sì wó sórí àpò fúláwà tó ṣí sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá Ààrò fi máa gbé e jáde síta, ó funfun láti orí dé àtàǹpàkò. Wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ̀, ó sáré dé tòun ti tépù ìwọn aṣọ lọ́rùn. Jẹ́jẹ́ ti lajú nígbà náà, ó sì ti ń sọ pé òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá wa jáde. "Ẹ gbé e lọ síléèwòsàn," wọ́n sọ fún èmi àti àbúrò ẹ̀, bí ẹni pé Jẹ́jẹ́ kò sí níbẹ̀. "Tó bá ní òun ò lọ, ẹ sọ fún un pé mo ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá lọ, ẹ sọ fún un pé mo ti gbà á padà."

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa kò tóbi. Wọ́n kun ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n kun òkè ẹ̀ ní funfun, bẹ́ńṣì gígùn wà níwájú, fáànù kan sì ń yí lókè tí kò fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì àkọ́kàn lóhùn bí agogo. "Níbo lẹ ti gbàtọ́jú gbẹ̀yìn?" Gbogbo bẹ́ńṣì ló gbọ́. Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. Àbúrò ẹ̀ dáhùn pé, "Níbòmíì ni," ohùn ẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó níwà ni dókítà náà, iṣẹ́ ló kàn pọ̀ lọ́rùn ẹ̀. A gbọ́ ọ tó ń sọ pé, "Ẹ gorí bẹ́ẹ̀dì, ẹ bọ́ síkẹ́ẹ̀tì, ẹ na ẹsẹ̀." Lẹ́yìn náà, ó fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa. Ilẹ̀kùn náà dún pàì.

Kò tíì dún tán tó fi ṣí. Jẹ́jẹ́ tú jáde, ó gba àárín wa kọjá bí ìjì, ó taari agbọ̀n ìdọ̀tí, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Jẹ́jẹ́ wa, tí kì í jẹ́ kí pánù dún. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ká ẹsẹ̀ sókè fún un.

A bá a lórí ògiri kúkurú kan lẹ́bàá géètì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àbúrò ẹ̀ jókòó tì í. Ibẹ̀ la wà tí nọ́ọ̀sì kan fi jáde wá pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Agbẹ̀bí ni, ewú ti wọ̀ ọ́ lórí díẹ̀, ó wọ bàtà kańfáàsì bí ọmọ tó ń lọ sáré ìje. Kò dúró lé wa lórí, ó jókòó sórí ògiri pẹ̀lú wa.

"Bàtà yín rèé," ó wí. "Ó rẹwà o. Ká ní ó bá ẹsẹ̀ mi mu ni, ǹ bá ti jí i gbé."

Jẹ́jẹ́ gba bàtà. "Ẹ ṣọ́ra o," ó dá a lóhùn. "Wọ́n ń torí ẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n."

Àbúrò ẹ̀ wò mí, mo wo àbúrò ẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, kì í ṣe ti ojú ayé, ẹ̀rín náà sì ran Jẹ́jẹ́ fúnra ẹ̀.

"Ṣé ibẹ̀ lẹ ti ń bọ̀?" Ohùn nọ́ọ̀sì kò yí padà rárá.

"Ibẹ̀ ni."

"Kí ni wọ́n ṣe fún yín tí ẹ ò fi fẹ́ ilẹ̀kùn títì?"

Bẹ́ẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ṣe sọ ọ́, lórí ògiri yẹn, tí bọ́ọ̀sì ń kọjá níwájú wa. Ó ní nínú ẹ̀wọ̀n, páàdì tí wọ́n ń pín kì í ju ìwọ̀nba lọ, òun a máa ya etí bùláńkẹ́ẹ̀tì lò. Ó ní òun fẹjọ́ sùn títí, oògùn orí fífọ́ ni wọ́n ń fún òun. Ìgbà kan tóun dákú, wọ́n gbé òun lọ síléèwòsàn ńlá, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọrùn ẹsẹ̀ òun mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Wọ́dà jókòó sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ òun, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Dókítà tó wọlé kò wo ojú òun. Wọ́dà ló bi pé, "Kí ló ń ṣe é?" Ó tilẹ̀kùn, ó yẹ òun wò, ó sì jáde. Wọ́n dá òun padà, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó rí nínú ara òun fún òun títí dòní.

Àbúrò ẹ̀ kò gbọ́ èyí rí. Gbogbo ọjọ́ àbẹ̀wò tó fi lọ, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa ń sọ fún un pé ara òun le. Ó gbá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú.

"Ẹ gbọ́," nọ́ọ̀sì wí. "Bí ẹ bá fẹ́, èmi ni màá yẹ̀ yín wò. A ò ní í ti ilẹ̀kùn, kọ́tìnì la máa fà. Àbúrò yín á dúró síbi orí yín. Kí n tó fọwọ́ kàn yín, màá sọ ibi tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn àti ìdí ẹ̀."

"Tí mo bá ní ó tó ńkọ́?"

"Ó tó náà nìyẹn. Màá yọwọ́, a ó jọ máa sọ̀rọ̀ òjò."

"Lónìí?"

"Ìgbà tó bá wù yín. Àmọ́ ó wu èmi kó jẹ́ òní, torí ojú yín funfun, mi ò sì rò pé fúláwà nìkan ni."

Jẹ́jẹ́ wọ bàtà ẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Èmi dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì tó ń sọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ Jẹ́jẹ́: "Ó tó." Ọwọ́ kúrò. Nọ́ọ̀sì ní, "Òjò ọdún yìí mà ń ṣe ìyàngà o. Ẹ rí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ṣú títí, kò rọ̀." Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ máa bá a lọ. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

Kókó ló wà nínú ilé-ọmọ ẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì tún wà ńbẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ìka ya ilé-ọmọ sí àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀, ó fi ibi tí kókó wà hàn án, ó sọ ohun tó ń fà á kí ẹ̀jẹ̀ máa ya, ó sì sọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Jẹ́jẹ́ ní kó tún un yà. Ó tún un yà. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dìde, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa bá òun sọ̀rọ̀ ara òun. Dókítà ọ̀dọ́ yẹn náà yọjú, ojú ń tì í, ó ní kó má bínú.

"Kò sí wàhálà, dókítà," Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ kàn máa bi wá kẹ́ ẹ tó tilẹ̀kùn."

Wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ sára àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tí ara ẹ̀ sì gbà á, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nílé ìwòsàn ńlá. Nọ́ọ̀sì ti lọ bá àwọn tibẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Àbúrò ẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó jí fún mi. Kò tíì béèrè omi, kò tíì béèrè ibi tó wà, ó kọ́kọ́ ń mi ẹsẹ̀ ọ̀tún lábẹ́ aṣọ ìbora, ó tún mi tòsì.

"Kí lẹ ń wá, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò."

"Ẹsẹ̀ yín wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Kò sóhun tó dè é." Ó sì tún sùn lọ.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, síkẹ́ẹ̀tì olómi ọsàn ló wọ̀. Ó wọlé, ó kí wa, ó sì jókòó. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí gbogbo ohun tó ṣeé jókòó lé nílé búrẹ́dì: àpótí, àga, àpò fúláwà, orí kántà mi tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Ká sòótọ́, Ọlọ́run ò fi ohùn jíǹkí ẹ̀. Bàbá Ààrò ní kí Ọ̀gá sọ fún un kó padà sí jẹ́jẹ́ tó wà. Ọ̀gá ní òun ò lè bá ẹni tí ara ẹ̀ yá jà.

Kò tíì pẹ́ tó padà tí obìnrin kan wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi. Ó rọra ń gbẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí. Jẹ́jẹ́ yọjú láti ẹ̀yìn, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì kígbe lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti jọ wà nínú ẹ̀wọ̀n. Wọ́n dì mọ́ra títí, fúláwà sì ti lẹ̀ mọ́ obìnrin náà lára.

"Láti ìgbà wo lo ti ń rìn báyìí?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Èmi àti Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín, obìnrin náà ò sì mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Ìyẹn mú ẹlòmíì wá, ẹlòmíì tún mú ẹlòmíì wá. Púpọ̀ nínú wọn, oògùn tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀wọ̀n ló ti tán lọ́wọ́ wọn látìgbà tí wọ́n ti jáde, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n ti máa gba òmíràn. Wọn ò fẹ́ lọ síwájú tábìlì ilé ìwòsàn kí wọ́n máa bi wọ́n pé níbo lẹ ti ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa wá lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ìgbà tí èrò kì í pọ̀. Ó sọ fún obìnrin olóhùn agogo kó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà gbìyànjú. Ó wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ débi pé wọ́n ń ní kó tún un wí.

Ọ̀gá wa ló ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́. Wọ́n tún dá Jẹ́jẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, wọ́n ní tí búrẹ́dì bá ti jinná, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe níbí ju kó máa pa wá létí lọ.

Jẹ́jẹ́ tún lọ bá ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó apá àwọn obìnrin lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Èmi ò bá a lọ, ẹ̀rù bà mí ju òun lọ. Ohun tó sọ fún mi ni pé òun jókòó níwájú ọ̀gá náà, òun sì sọ̀rọ̀, ọ̀gá náà sì gbọ́. Látìgbà náà, wọ́n máa ń jẹ́ kó mọ̀ tí obìnrin kan bá fẹ́ jáde, kò sì sẹ́ni tó jáde láìbá Jẹ́jẹ́ níwájú géètì, àfi tó bá ní òun ò fẹ́. Báàgì ẹ̀ kì í yí padà: páàdì, ọṣẹ, sílípáàsì, búrẹ́dì. Kì í kọ́kọ́ dárúkọ ilé ìwòsàn. Ó ní ìwẹ̀, oúnjẹ àti oorun ló ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Àfi tẹ́ni náà bá ń lo oògùn tí kò gbọ́dọ̀ já. Ìyẹn, wọ́n á jọ ya ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó délé.

Nínú gbogbo wọn, màmá kan ló wà tí mi ò lè gbàgbé. Màmá Mi-Ò-Lọ là ń pè wọ́n, torí èsì tí wọ́n máa ń fún gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Màmá, ṣé ẹ fẹ́ ká jọ lọ sọ́jà? Mi ò lọ. Màmá, ẹ jẹ́ ká jókòó síta, atẹ́gùn ń fẹ́. Mi ò lọ. Ohun tó gbé wọn dẹ́wọ̀n, wọn ò sọ, Jẹ́jẹ́ kì í sì í béèrè. Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n dé sí, nínú iyàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Wọn kì í rìn jìnnà, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá ṣàwàdà, wọ́n á fún ẹnu pọ̀, wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbé wọn, wọ́n á kọ́kọ́ di itan pọ̀.

Jẹ́jẹ́ ń gbé búrẹ́dì lọ fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Á jókòó, á sọ ìròyìn ilé búrẹ́dì, á kọrin ẹ̀ tí kò dáa, á sì padà wálé. Kò mẹ́nu ba ilé ìwòsàn. Ó ṣe títí, ó sú màmá fúnra wọn.

"Ṣé o ò ní í béèrè ni?" wọ́n bi í lọ́jọ́ kan.

"Béèrè kí ni, màmá?"

"Ohun tó ń ṣe mí!"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, màmá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, etí mi rèé."

Màmá wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀, wọ́n wá sọ ọ́. Nǹkan kan ń yọ jáde lábẹ́ wọn. Látìgbà tí wọ́n ti bí àbígbẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọmọ tó ti ṣègbéyàwó báyìí. Omi tí wọ́n ń fi korobá gbé nínú ẹ̀wọ̀n ló wá dá kún un. Wọ́n rò pé àwọn nìkan ló ń ṣe láyé ńbí, pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan ni, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ wọn pàápàá títí ó fi kú.

"Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, màmá," Jẹ́jẹ́ wí. "Àmọ́ mo mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí wọ́n wá, èmi ni mo gbé búrẹ́dì lọ. Nọ́ọ̀sì ní ilé-ọmọ wọn ló sọ̀ kalẹ̀. Ó ní àìmọye obìnrin tó bímọ ló ń ṣe, ẹnu ni wọ́n kàn ń pa mọ́. Ó ní òrùka rọ́bà kan wà tí òun lè fi gbé e ró sínú, láìsí ọ̀bẹ.

"Òrùka?" Ohùn màmá la kọ́tìnì kọjá bá wa níta. "Ọkọ mi gan-an ò fún mi ní òrùka!"

Gbogbo bẹ́ńṣì ló dà rú fún ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n rọra gbẹ́sẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Wọ́n rìn dé ìdí ògiri, wọ́n padà. Wọ́n tún rìn lọ, ẹsẹ̀ wọn ti le díẹ̀ sí i. Wọ́n dúró, wọ́n wúkọ́, wọ́n sì dúró dè é. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Bóyá eruku fúláwà ara Jẹ́jẹ́ ló wọ̀ wọ́n nímú, mi ò mọ̀, ni wọ́n bá sín, èyí tó lágbára.

"Mo sín!" Wọ́n nawọ́ méjèèjì sókè. "Ṣé ẹ gbọ́? Mo sín o!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá," ni gbogbo wa kí wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Inú ikùn ni ẹ̀rín náà ti wá, wọ́n gbá ògiri mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn, wọ́n sì nu ojú wọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó kàn ń wò wọ́n. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́, mi ò tíì rí i kí ojú ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni Màmá Mi-Ò-Lọ máa ń jókòó sí lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Bí obìnrin kan bá ń lọ́ tìkọ̀ níta, àwọn ló ń pè é. "Wọlé, ọmọ mi, wọn ò ní í jẹ ọ́. Èmi tí mo ní mi ò lọ, mo lọ." Bí onítọ̀hún bá béèrè ohun tí wọ́n bá lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, wọ́n á sọ gbogbo ẹ̀ láìfi bò.

Jẹ́jẹ́ ṣì wà pẹ̀lú wa, òun ló ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́ báyìí. Òun àti àbúrò ẹ̀ ti kó lọ sí iyàrá tó tóbi díẹ̀, tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí pápá iléèwé kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ ń gbọ́ràn, àmọ́ nọ́ọ̀sì ní oògùn nìkan kò tó, kó wá nǹkan tó ń mú ara gbóná ṣe. A rò pé ìrìn ló máa yàn. Kẹ̀kẹ́ ló yàn. Kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé ẹ̀. Bàbá Ààrò ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tó ti ń dípẹtà lẹ́yìnkùlé, ó fún un, ó ní kó kúkú jẹ́ pé ó ń dún lójú pópó ju kó máa kọrin nídìí ààrò.

Mo lọ wò wọ́n ní pápá iléèwé yẹn nírọ̀lẹ́ àná. Jẹ́jẹ́ káṣọ sókè, ó ti wọ ṣòkòtò sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì olómi ọsàn yẹn, àbúrò ẹ̀ di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé e.

"Ẹ wo iwájú, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má wo ilẹ̀!"

"Má fi mí sílẹ̀ o!"

"Mi ò fi yín sílẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ó ti fi í sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń lọ, kẹ̀kẹ́ ń já sọ́tùn-ún, ó ń já sósì, ó ń tẹ agogo fún ẹnikẹ́ni tí kò sí níwájú ẹ̀. Ó la pápá já dé òdì kejì kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń dúró. Koríko ló gbà á. Nígbà tá a fi máa sáré débẹ̀, ó ti nà gbalaja, koríko wà nírun ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Kántà," ó pè mí látilẹ̀ níbẹ̀, "ẹ wá lọ́la. Ẹ̀yin ló kàn."

Mo ní kó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kúrò lọ́nà.